Ògiri Tó Ń Làágùn: Bí Omi Ṣe Ń Wọ Yàrá Ìsàlẹ̀ ní Iléṣà

Ilẹ̀ Iléṣà ò tẹ́jú. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè ni ọ̀pọ̀ ilé wà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó dúró lójú títì á rò pé ilé ilẹ̀ lásán ni, àfi tó bá gba ẹ̀gbẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kó tó rí yàrá méjì-mẹ́ta nísàlẹ̀, tí ògiri wọn fẹ̀yìn ti òkè. Tí òjò Oṣù Kẹfà bá ti rọ̀ léraléra, ògiri ẹ̀yìn yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Ọ̀dà á wú, á máa ṣí bí èèpo àlùbọ́sà. Nǹkan funfun á yọ lára sìmẹ́ńtì bí iyọ̀. Aṣọ inú àpótí á bu.

Ọ̀nà jíjìn ni omi náà ti wá. Òjò tó wọlẹ̀ lókè ń rìn láàárín erùpẹ̀ títí á fi kan amọ̀ tó le tàbí àpáta. Kò ríbi kọjá mọ́, ló bá yà, ó ń wá ìsàlẹ̀ lọ. Yàrá tí wọ́n gbẹ́ wọnú òkè wá dí i lọ́nà, omi sì ń gbára jọ lẹ́yìn rẹ̀. Tó bá ga tó mítà kan, ìwọ̀n tọ́ọ̀nù kan ni yóò máa fi ti gbogbo mítà kan níbùú lóòró ní ìdí ògiri. Tó bá di mítà méjì, tọ́ọ̀nù méjì. Búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ṣahun sìmẹ́ńtì sí ò lè fara da irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Omi á gba ihò wínníwínní inú rẹ̀, á kó iyọ̀ erùpẹ̀ àti ti sìmẹ́ńtì dání. Tí omi bá gbẹ, iyọ̀ á kù sára ògiri. Láti ìsàlẹ̀ náà, ògiri ń fa omi bí òwú àtùpà ṣe ń fa kẹrosíìnì. Ìdí nìyẹn tí bíríkìlà tó mọṣẹ́ fi ń tẹ́ ọ̀rá kó tó da jámánì-flóò, ìyẹn kọnkéré tí wọ́n ń dà sí ilẹ̀ ilé.

Kí wọ́n tó náwó, ó yẹ kí wọ́n mọ omi tó ń yọ wọ́n lẹ́nu. Wọ́n á nu ojú ògiri kan gbẹ, wọ́n á fi téèpù lẹ ọ̀rá mọ́ ọn yíká, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀rá níhà yàrá ló rin, afẹ́fẹ́ inú yàrá ló ń di omi. Fèrèsé ni wọ́n máa tún ṣe. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ọ̀rá, inú ògiri ni omi ti ń bọ̀. Ògiri tó bá ń rin títí dé àárín ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ má fi ẹ̀sùn kan òjò: ẹ lọ wo páìpù tó jò, àti sọ́kàwéè tó wà lókè ilé, ìbáà jẹ́ ti aládùúgbò.

Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá: wọ́n á rẹ́ ògiri inú lẹ́ẹ̀kan sí i, wọ́n á tún un kùn. Omi tó wà lẹ́yìn ò lọ síbì kan, yóò ti ohun tí wọ́n rẹ́ náà ṣubú ni. Ìta niṣẹ́ wà, ọ̀sọ̀rọ̀ sì ni ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Òrùlé tó jẹ́ mítà mẹ́wàá níbùú lóòró, tí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀ lé e, lítà 5,000 ló ń dà sílẹ̀, ìyẹn dúrọ́ọ̀mù ńlá 25, gbogbo rẹ̀ sì ń bọ́ sí ìdí ògiri. Kí wọ́n fi páìpù gbé e lọ sí gọ́tà.

Tí ìyẹn ò bá tó, wọ́n á dúró di ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gbẹ́ ẹ̀yìn ògiri díẹ̀díẹ̀, kí ìpìlẹ̀ má baà yẹ̀, títí kòtò á fi jìn ju ilẹ̀ yàrá lọ. Wọ́n á rẹ́ ògiri ìta, wọ́n á fi ọ̀dà títì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á tẹ́ páìpù tí wọ́n dá lu sínú òkúta wẹ́wẹ́, kó máa fi sẹ̀ǹtímítà kan rẹlẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí ilẹ̀ ti dagun bíi ti Iléṣà, kò sí pé à ń ra ẹ̀rọ tó ń fa omi. Páìpù á yọ jáde fúnra rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ilé. Ẹnu rẹ̀ níbẹ̀ ni kí wọ́n máa yẹ̀ wò lọ́dọọdún kí òjò tó dé, torí ewé àti ẹrẹ̀ máa ń dí i.