Ìdálọ́lá àwọn olùtọrẹ ilé tuntun ní mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà

Ìdálọ́lá àwọn olùtọrẹ ni ètò tí ìgbìmọ̀ alákòóso mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà ń lò láti dúpẹ́ ní gbangba lọ́wọ́ àwọn ènìyàn, ìdílé, ilé-iṣẹ́ àti àjọ aláàánú tí wọ́n dá owó láti kọ́ ilé tuntun tàbí láti fẹ ilé àtijọ́ lójú. Ètò náà lè kéré bí lẹ́tà ìdúpẹ́ tàbí orúkọ kan láàárín ọgọ́rùn-ún orúkọ lára ògiri ẹnu ọ̀nà; ó sì lè tóbi débi pé odidi ilé ni yóò máa jẹ́ orúkọ ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù lọ. Èrò ìdí rẹ̀ ni yinniyinni kẹ́ni ó ṣèmíì: ẹni tí a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa lè tún ṣe é, ẹni tí ó sì rí i lè fẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a gbẹ́ sára òkúta sábà máa ń pẹ́ ju ìgbìmọ̀ tí ó fọwọ́ sí i lọ. Nítorí náà, ìwé àdéhùn tí ó sọ ohun tí a ṣèlérí, iye ọdún tí ìlérí náà yóò fi dúró, àti ohun tí ó lè fòpin sí i ni ó gba àròjinlẹ̀ jù nínú gbogbo ètò yìí.

Ìtàn

Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi orúkọ ọlọ́rẹ sọ ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Mùsíọ́mù Ashmolean ní Oxford, tí wọ́n ṣí ní ọdún 1683, ń jẹ́ orúkọ Elias Ashmole, ẹni tí ó fi àkójọ rẹ̀ ta yunifásítì ìlú náà lọ́rẹ. Ní ilé ìṣàfihàn àwòrán Dulwich, ní gúúsù London, ohun tí wọ́n ṣe ju orúkọ lọ. Nígbà tí Francis Bourgeois kú ní 1811, ó fi àkójọ àwòrán sílẹ̀ nínú ìwé ìhágún rẹ̀, wọ́n sì sin òun, ọ̀rẹ́ rẹ̀ Noel Desenfans àti Margaret, ìyàwó Desenfans, sínú ibojì tí ayàwòrán ilé John Soane kọ́ mọ́ ara ilé ìṣàfihàn náà. Láti inú àwọn yàrá àwòrán ni àlejò ti ń wo ibojì yìí títí di òní. Ó ṣòro láti rí ilé ọnà mìíràn tí ó dá olùtọrẹ lọ́lá tó bẹ́ẹ̀.

Ilé tí Henry Tate, oníṣòwò ṣúgà, fi 80,000 pọ́n-ùn àti àwọn àwòrán rẹ̀ ṣe ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní Millbank, London, kò jẹ́ orúkọ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí i ní 1897. National Gallery of British Art ni wọ́n kọ sínú ìwé, àmọ́ Tate ni àwọn ará ìlú ń pè é, títí orúkọ náà fi wọ inú ìwé ní 1932.

Ọ̀nà tí Andrew Mellon gbà ní Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá. Òun ni ó fún orílẹ̀-èdè náà ní àwòrán rẹ̀ àti owó tí wọ́n fi kọ́ National Gallery of Art ní Washington, èyí tí ilé aṣòfin tẹ́wọ́ gbà ní 1937 tí wọ́n sì ṣí ní 1941. Ó ní kí wọ́n má ṣe fi orúkọ òun sọ ọ́, nítorí ó mọ̀ pé àwọn olówó mìíràn kò ní fẹ́ kó ìṣúra wọn sínú ilé tí ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn. Ohun tí ó rò ṣẹ, torí pé Samuel Kress àti Joseph Widener mú àkójọ tiwọn wá síbẹ̀. Nígbà tí ìdílé Mellon tún dá owó ilé kejì tí I. M. Pei yàwòrán rẹ̀, tí wọ́n ṣí ní 1978, East Building lásán ni wọ́n pè é. Nínú gbogbo àpẹẹrẹ tí ó wà nínú ìtàn mùsíọ́mù, bóyá ni a ó rí ọ̀kan tí ó tún fi hàn tó báyìí pé orúkọ lára ilé lè ṣí ìlẹ̀kùn fún ẹni kan kí ó sì tì í mọ́ àwọn mìíràn.

Bí ìgbìmọ̀ ṣe ń ṣètò rẹ̀

Iṣẹ́ náà máa ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ìgbìmọ̀ a kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìlànà kan tí ó sọ irú owó tí wọ́n lè gbà àti irú èyí tí wọn kò ní gbà, lẹ́yìn náà ni wọn a to gbogbo ibi tí ó lè gba orúkọ lẹ́sẹẹsẹ pẹ̀lú iye tí wọ́n dá lé e: ilé fúnra rẹ̀, apá ilé, yàrá ìṣàfihàn, gbàgede, àtẹ̀gùn, ọgbà, yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àwọn ọmọdé, títí dé orí ìjókòó. Iye tí wọ́n dá lé ibì kan kì í sábà bá iye tí kíkọ́ rẹ̀ gbà mu, nítorí pé bí ojú tí yóò rí i bá ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń dá a lé. Yàrá tí wọ́n ti ń tún àwòrán ṣe lè gba owó púpọ̀ láti kọ́, síbẹ̀ kí orúkọ rẹ̀ rọjú ju ti gbọ̀ngàn àbáwọlé, nítorí àlejò kì í dé ibẹ̀.

Ìpele méjì ni ìkówójọ sábà máa ń ní. Ní ìpele kìíní, tí wọ́n ń ṣe láìpariwo, àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ àti àwọn olówó díẹ̀ tí wọ́n sún mọ́ mùsíọ́mù ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Ìgbà tí èyí tí ó pọ̀ nínú owó náà bá ti dájú ni wọ́n tó kéde rẹ̀ fún aráyé. Nítorí pé ọmọ ìgbìmọ̀ lè jẹ́ olùtọrẹ lẹ́ẹ̀kan náà, ìlànà tí ó dára béèrè pé kí ó jáde nígbà tí wọ́n bá ń dìbò lórí orúkọ tirẹ̀.

Owó tí ń ra orúkọ ilé ńlá ti ga sókè gan-an. David Geffen fún Museum of Modern Art ní New York ní 100 mílíọ̀nù dọ́là ní 2016, ó sì ṣèlérí 150 mílíọ̀nù fún ilé tuntun mùsíọ́mù ìjọba ìbílẹ̀ Los Angeles ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Oscar Tang àti ìyàwó rẹ̀ Agnes Hsu-Tang kéde 125 mílíọ̀nù dọ́là ní 2021 fún apá tuntun Metropolitan Museum, nígbà tí Lindsay Fox àti ìdílé rẹ̀ ṣèlérí 100 mílíọ̀nù dọ́là Ọsirélíà ní 2022 fún ilé iṣẹ́ ọnà òde òní ní Melbourne. Orúkọ tún lè dé lẹ́yìn ìṣílé: ilé tuntun tí Tate Modern ṣí ní 2016 ń jẹ́ Switch House títí di 2017, nígbà tí wọ́n sọ ọ́ ní orúkọ Len Blavatnik.

Ọlá yìí kò fún olùtọrẹ ní àṣẹ lórí ohun tí wọn yóò fi hàn tàbí bí ilé yóò ṣe rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ààlà náà kì í fìgbà gbogbo hàn kedere. Ẹ̀rí kan tí ó wọni lọ́kàn jáde ní 2023 nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń tún Sainsbury Wing ti National Gallery ní London ṣe. Nínú òpó kan tí wọ́n wó ni wọ́n ti rí lẹ́tà tí John Sainsbury, ọ̀kan nínú àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò mẹ́ta tí wọ́n dá owó ilé náà, kọ ní 1990, níbi tí ó ti sọ pé òpó náà kò wúlò, tí ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí yóò wó o lọ́jọ́ iwájú. Òun ni ó dáwó, òun ni ilé sì ń jẹ́ orúkọ ìdílé rẹ̀. Síbẹ̀ èrò ayàwòrán ilé ni ó borí.

Ìwé àdéhùn orúkọ

Ìwé yìí ni ó so mùsíọ́mù àti olùtọrẹ pọ̀, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni agbẹjọ́rò ìhà méjèèjì yóò sì padà sí bí aáwọ̀ bá dé. Ó yẹ kí ó kọ orúkọ náà sílẹ̀ lẹ́tà kan tẹ̀ lé òmíràn, kí ó sọ ibi tí yóò wà, bí ó ṣe máa tóbi tó, àti bóyá yóò máa hàn lórí àwòrán ilẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì àti íntánẹ́ẹ̀tì. Ó tún yẹ kí ó sọ ìgbà tí owó yóò wọlé. Ọ̀pọ̀ ọrẹ ńlá ni wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ fún ọdún púpọ̀, bí ìlérí kò bá sì ṣẹ, ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ ṣáájú bóyá orúkọ náà yóò kúrò tàbí yóò sún sí ibi tí ó kéré.

Iye ọdún ni kókó tí ó le jù. Láyé àtijọ́, «títí láé» ni wọ́n sábà máa ń kọ tàbí kí wọ́n má kọ nǹkan kan, tí àwọn ọmọ olùtọrẹ yóò sì gbà pé títí láé ni. Ohun tí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lè náni hàn ní Lincoln Center ní New York. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ gbọ̀ngàn orin ni, ìgbìmọ̀ mùsíọ́mù kò lè fojú fo ẹ̀kọ́ inú rẹ̀. Avery Fisher ti fún wọn ní 10.5 mílíọ̀nù dọ́là ní 1973, gbọ̀ngàn náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ owó àtúnṣe, wọ́n san 15 mílíọ̀nù dọ́là fún ìdílé Fisher ní 2014 kí wọ́n lè gbà kí orúkọ náà kúrò, kí wọ́n tó lè ta á fún Geffen ní 100 mílíọ̀nù ní 2015. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìgbìmọ̀ ń kọ iye ọdún pàtó, tàbí kí wọ́n kọ pé orúkọ yóò dúró níwọ̀n ìgbà tí ilé náà bá ń ṣe iṣẹ́ tí a kọ́ ọ fún.

Ó tún yẹ kí àdéhùn sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ilé kò bá dìde rárá. Ní Vancouver, ìdílé Chan ṣèlérí 40 mílíọ̀nù dọ́là Kánádà ní 2019 fún ilé tuntun Vancouver Art Gallery tí yóò máa jẹ́ orúkọ wọn, àjọ Audain sì fi 100 mílíọ̀nù kún un ní 2021; ṣùgbọ́n iye tí ilé náà yóò náni ga débi pé ilé ọnà náà pa àwòrán tí ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ilé Herzog & de Meuron yà tì ní oṣù Kejìlá 2024.

Fún mùsíọ́mù tí ó ti ní orúkọ olùtọrẹ lára tẹ́lẹ̀, bí a ó ṣe gba tuntun láìtàbùkù àwọn ti ìṣáájú ni ìṣòro. Ọ̀nà tí Buffalo gbà yẹ fún àkíyèsí. Ilé tí John Albright dá owó rẹ̀ ṣí ní 1905. Ní 1962 wọ́n fi orúkọ Knox kún un lẹ́yìn tí Seymour Knox ṣe ìrànlọ́wọ́ láti fẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn tí Jeffrey Gundlach sì ṣèlérí 42.5 mílíọ̀nù dọ́là ní 2016, tí ọrẹ rẹ̀ padà di 65 mílíọ̀nù, wọ́n mú lẹ́tà ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì sọ ọ́ di Buffalo AKG Art Museum, tí ó ṣílẹ̀kùn ní 2023. Kò sí ẹni tí wọ́n lé kúrò.

Yíyọ orúkọ kúrò

Gbólóhùn ìwà, tí ó gba ìgbìmọ̀ láyè láti yọ orúkọ tí ó lè ba iyì mùsíọ́mù jẹ́, kò wọ́pọ̀ nínú àwọn àdéhùn àtijọ́. Ọ̀ràn ìdílé Sackler, tí wọ́n ti ta ọ̀pọ̀ mùsíọ́mù lọ́rẹ, ni ó mú kí gbogbo ayé mùsíọ́mù tún ìwé wọn yẹ̀ wò. Àwọn ẹbí yìí kan ni wọ́n ni Purdue Pharma, ilé-iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí ta oògùn apàrora OxyContin ní 1996, oògùn tí ó di bárakú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Ní 2018, ayàwòrán Nan Goldin kó àwọn afẹ̀hónúhàn lọ sí ẹ̀gbẹ́ Dendur, tẹ́ḿpìlì Íjíbítì àtijọ́ tí ó wà ní Metropolitan Museum, nínú apá ilé tí ó ti ń jẹ́ orúkọ Sackler láti 1978. Ní 2019, National Portrait Gallery ní London àti àjọ Sackler jọ fohùn ṣọ̀kan pé kí ọrẹ 1 mílíọ̀nù pọ́n-ùn fún àtúnṣe ilé má ṣe tẹ̀ síwájú.

Bí àwọn ìgbìmọ̀ ṣe yọ orúkọ náà ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ àdéhùn fara balẹ̀ wò. Louvre yọ tirẹ̀ ní oṣù Keje 2019, àlàyé tí ó sì ṣe ni pé ogún ọdún ni ìlànà ìgbìmọ̀ fàyè gbà fún orúkọ yàrá, pé ogún ọdún náà sì ti pé. Kò nílò láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Metropolitan Museum kò ní irú ọ̀nà àbùjá bẹ́ẹ̀. Ìkéde tí ó ṣe ní oṣù Kejìlá 2021 jẹ́ èyí tí mùsíọ́mù àti ìdílé náà jọ fọwọ́ sí. British Museum àti Victoria and Albert Museum tẹ̀ lé e ní 2022. Harvard ní tirẹ̀ kọ̀ ní 2024 láti yọ orúkọ Arthur Sackler kúrò lára mùsíọ́mù rẹ̀, nítorí pé ní 1987 ni Arthur ti kú, ọdún mẹ́sàn-án kí OxyContin tó dé ọjà.

Ògiri orúkọ àti ayẹyẹ

Ọ̀pọ̀ olùtọrẹ ni kì í ní yàrá tí ń jẹ́ orúkọ wọn; ògiri orúkọ ni tiwọn. Wọn a máa tò wọ́n sí ìsọ̀rí gẹ́gẹ́ bí iye owó, kí wọ́n sì tẹ̀ lé ètò álífábẹ́ẹ̀tì nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n tó gbẹ́ orúkọ, ó yẹ kí olùtọrẹ fọwọ́ sí bí a ṣe kọ ọ́, nítorí àṣìkọ lára òkúta kò rọrùn láti parẹ́. Àwọn kan a fẹ́ orúkọ òbí wọn tí ó ti kú, àwọn mìíràn kò sì ní fẹ́ kí wọ́n dárúkọ àwọn rárá. Yàtọ̀ sí èyí, wọ́n ń pe àwọn olùtọrẹ síbi ìfilélẹ̀ ìpìlẹ̀, wọ́n ń mú wọn rìn yí ilé ká nígbà tí kò tíì parí, wọ́n sì ń gbà wọ́n lálejò kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn fún ará ìlú.

Owó orí

Ní Amẹ́ríkà, orúkọ lára ilé kì í sábà dín iye tí olùtọrẹ lè yọ kúrò nínú owó tí ìjọba yóò bu owó orí lé kù, ṣùgbọ́n oúnjẹ alẹ́ àti irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ lè dín in kù. Ní Faransé, òfin 2003 jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ tí ó ta ọrẹ rí ìdínkù owó orí tí ó lè tó ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ọrẹ náà gbà, àmọ́ àǹfààní tí mùsíọ́mù ń dá padà fún un kò gbọdọ̀ ju ìdámẹ́rin ọrẹ lọ.

Ilé tí kò jẹ́ orúkọ olùtọrẹ

Àwọn ìgbìmọ̀ kan kì í fi orúkọ olùtọrẹ sọ ilé fúnra rẹ̀, inú ilé ni wọ́n fi ń dá olùtọrẹ lọ́lá. Art Gallery of New South Wales ní Sydney ṣí ilé tuntun ní 2022 pẹ̀lú 244 mílíọ̀nù dọ́là Ọsirélíà láti ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ àti iye tí ó ju 100 mílíọ̀nù lọ láti ọwọ́ àwọn olùtọrẹ. Ní 2024 ni wọ́n sọ ilé náà ní Naala Badu, tí ó túmọ̀ sí «rírí omi» ní èdè Dharug ti àwọn ọmọ onílẹ̀, wọ́n sì sọ ilé àtijọ́ ní Naala Nura, «rírí ilẹ̀».