Schwermut: Ibi tí ọkàn wíwúwo àwọn ará Jámánì ti ṣẹ̀ wá

Ẹ tú Schwermut, ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Jámánì ń pe ìbànújẹ́ ọkàn, sí méjì kí ẹ tó gbọ́ tẹnikẹ́ni. Schwer ni ohun tó wúwo. Mut lónìí ni ìgboyà, ṣùgbọ́n láyé àtijọ́, nígbà tí wọ́n ń pè é ní muot, ohun tí àwa ń pè ní inú gan-an ni. Bí a ṣe ń sọ pé inú rere, inú fùfù, tí a sì fa ìbànújẹ́ yọ lára inú tó bàjẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi Mut ṣe: Langmut ni sùúrù, Hochmut ni ìgbéraga, Sanftmut ni ìwà pẹ̀lẹ́. Kódà mood tí àwọn ọmọ wa ń pè káàkiri, ọmọ ìyá Mut ni.

Swærmüetec ló ṣáájú, ìyẹn ẹni tí inú rẹ̀ wúwo. Ara rẹ̀ ni wọ́n ti wá fa Schwermut yọ. Ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́? Èmi ò rò pé ọ̀mọ̀wé ni. Lójú tèmi, àgbẹ̀ kan ni, tí yìnyín ká mọ́lé, tí oòrùn ń yọjú fírí tó tún ń wọ̀. Aládùúgbò wọn ní Denmark náà ní Tungsind, inú wíwúwo gẹ́lẹ́.

Àwọn kan ní melancholia, orúkọ tí àwọn Gíríìkì ń pe irú ìbànújẹ́ yìí, ni wọ́n kàn túmọ̀. Òróòro dúdú nìyẹn túmọ̀ sí. Níbo ni òróòro wà nínú Schwermut?

Wọn a ní Albrecht Dürer, ọmọ Nürnberg, kọ Melencolia sára àwòrán rẹ̀ ní 1514. Òótọ́ ni, ó kọ ọ́ sára ìyẹ́ ẹran bí àdán kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo àwòrán ọ̀hún fúnra rẹ̀: obìnrin abìyẹ́ jókòó, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ajá rẹ̀ ká kò sílẹ̀, òṣùwọ̀n rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ó fọwọ́ lẹ́rán! Ìyá mi ì bá ti gbá ọwọ́ yẹn kúrò, torí ẹni tó bá fọwọ́ lẹ́rán lójú rẹ̀ ń pe òfò ni. Orí tó wúwo ju ọrùn lọ ni Dürer yà, Gíríìkì tó wù kó kọ.

Àwọn dókítà náà ní orúkọ tiwọn. Ní 1899 ni Emil Kraepelin, dókítà ọpọlọ ará Jámánì, kó ayọ̀ àṣejù àti ìrẹ̀wẹ̀sì pọ̀ sábẹ́ àìsàn kan ṣoṣo. Lónìí, inú ewì lẹ ó ti bá Schwermut jù. Ẹ sọ ọ́ fún dókítà, Depression ni yóò kọ sínú fáìlì.