Mítà pe 12.7, àmọ́ ṣé bátìrì kún?

Wọ́n á fi mítà kan orí bátìrì mọ́tò, mítà á pe volt 12.7, wọ́n á ní ó ti kún. Tó bá di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mọ́tò á máa ṣe "kẹ́kẹ́kẹ́", kò ní dá. Bátìrì ni wọ́n máa ń bú. Bẹ́ẹ̀, volt tí mítà kà fún wọn kọ́ ni ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, ìyẹn iye iná tó wà nínú ẹ̀.

Yàrá mẹ́fà ló wà nínú bátìrì mọ́tò, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú bíi volt 2.1 wá. Ohun tó wà nínú yàrá kan kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí èyí tí Gaston Planté, ará Faransé, ṣe ní 1859: òjé, àti ásíìdì tí wọ́n fi omi là. Nílé ìwé, òjé pẹlẹbẹ méjì ni wọ́n máa ń kì bọ inú ife ásíìdì, wọ́n á fi iná sí i fún ìṣẹ́jú mélòó kan. Ọ̀kan á pọ́n rúsúrúsú, èkejì á wà láwọ̀ eérú. Wọ́n á wá so gílóòbù kékeré mọ́ ọn, ẹnì kan á di aago mú, ẹnì kan á máa ka mítà. Mítà á dúró sí nǹkan bíi 2, á tún dúró, bí ẹni pé nǹkan kan ò dín. Tó bá ti wá sí nǹkan bíi 1.8, á já wálẹ̀ gbì!

Bátìrì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ lórí cháàjì tún burú jù. Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dà ni. Igbá kún dẹ́nu, àmọ́ ìfófòó ló pọ̀ níbẹ̀; ẹlẹ́mu tó gbọ́n á sì gbé agbè sókè kó tó dà á, kó lè hó dáadáa. Ọ̀mu tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ kì í sanwó ìfófòó. Á dúró, á fẹ́ ẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní kí wọ́n bu sí i. Ìfófòó ti bátìrì rèé: etí òjé ni ásíìdì líle kọ́kọ́ ń kó jọ sí nígbà cháàjì. Ó yẹ kí bátìrì sinmi fún wákàtí mélòó kan, tàbí kí wọ́n tan iná iwájú mọ́tò díẹ̀, kí wọ́n tó wọn ohunkóhun.

Inú ásíìdì gan-an ni ìwé ìṣirò iná tó kù wà, ibẹ̀ sì ni ọgbọ́n ohun àtijọ́ yìí wà. Iná ampere kan tó bá ṣàn jáde fún wákàtí kan, giramu 3.66 ásíìdì ti wọ inú òjé lọ ní yàrá kọ̀ọ̀kan nìyẹn, omi ló sì rọ́pò ẹ̀. Nítorí náà, lítà kan tó wọn giramu 1,280 nígbà tó kún á fúyẹ́ dé nǹkan bíi 1,120 nígbà tó bá tán. Wọ́n á fi hydrometer olórí rọ́bà, ohun tí wọ́n fi ń wọn bí ásíìdì ṣe le tó, fa ásíìdì náà mu: gíláàsì inú ẹ̀ á léfòó sókè nínú èyí tó le, á rì nínú èyí tó ti di omi. Yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n ń ṣe é fún. Bí márùn-ún bá pe 1,260 tí ẹyọ kan pe 1,150, ẹyọ yẹn ló ń pa àwọn tó kù.

Bátìrì tí wọ́n dí lórí pa kò ní wàhálà omi bíbù, àmọ́ wọ́n ti ti ìwé ìṣirò náà mọ́ inú ẹ̀. Ó kù kí wọ́n gbé ẹrù lé e: kí ẹnì kan ṣíná, kí ẹnì kan tẹjú mọ́ mítà. Bí 12.7 àná bá di 8 lójú ẹ̀, ó ti dáhùn.