Subscription ní Glasgow àtijọ́: ìdáwó tó gbé ilé ìwòsàn ró, àti ìwé tí aláìsàn gbọ́dọ̀ mú dání

Ẹni tó bá ń ka ìtàn ìlú Glasgow ní Scotland láàárín ọdún 1800 sí 1900 kò ní pẹ́ bá ọ̀rọ̀ kan pàdé: subscription. Òun ni wọ́n fi ń gbé ilé ìwòsàn ró, òun ni wọ́n fi ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú, òun náà ni àwọn ẹgbẹ́ tó ń bọ́ ọmọ òrukàn gbójú lé. Àwa tí a mọ̀ ọ́n mọ́ owó dátà àti owó tẹlifíṣọ̀n lè ṣì í lóye. Ìdáwó ọdọọdún ni. Ẹni tó ní lọ́wọ́ á fọwọ́ síwèé pé lọ́dọọdún òun yóò máa dá iye báyìí fún ilé àánú kan. Gínì kan ló wọ́pọ̀, ìyẹn ṣílè 21. Tí ọdún bá parí, ilé náà á tẹ ìwé ìròyìn rẹ̀ jáde, orúkọ àwọn olùdáwó á sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye tí kálukú dá. Ẹni tó bá dín tirẹ̀ kù, ará ìlú á rí i.

Ẹni tó dáwó kì í lọ lọ́wọ́ òfo. Ó lè jókòó nínú ìpàdé ọdọọdún, ó lè dìbò yan àwọn tí yóò darí ilé náà, ó sì lè sọ ẹni tí wọn yóò gbà wọlé. Ẹ̀tọ́ ìkẹyìn yìí ni mo fẹ́ ká dúró lé lórí, nítorí òun ló ya aláìní tó mọ olùdáwó kan sọ́tọ̀ kúrò lára aláìní tí kò mọ ẹnì kankan.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé ìwòsàn Glasgow Royal Infirmary. Oṣù December 1794 ni wọ́n ṣí i, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kàtídírà ìlú náà, níbi tí ààfin bíṣọ́ọ̀bù ayé àtijọ́ ti wó sí. Robert Adam àti James àbúrò rẹ̀ ló ya àwòrán ilé náà. Bẹ́ẹ̀dì tó kọ́kọ́ ní jẹ́ nǹkan bíi 136. Ní 1801, bí 77,000 ènìyàn ló wà ní Glasgow. Nígbà tó fi máa di 1901, wọ́n ti lé ní 760,000. Iṣẹ́ òwú ló kọ́kọ́ fa èrò wọ̀lú, lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ irin àti ti kíkan ọkọ̀ ojú omi. Àwọn ará òkè Scotland tí ìṣẹ́ lé kúrò nílé wá, àwọn ará Ireland wá, ìdílé méjì-mẹ́ta há mọ́ra nínú yàrá kótópó. Ibà typhus, tí iná ara, kòkòrò tó ń fa ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, ń gbé kiri, kò jẹ́ kí wọ́n sinmi. Kọ́lẹ́rà dé ní 1832, ó tún padà wá ní 1848.

Ká sọ pé o jẹ́ ahunṣọ nígbà náà, àyà sì ń dùn ọ́. O kò lè ṣàdédé rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn kí wọ́n gbà ọ́. O ní láti kọ́kọ́ wá olùdáwó kan lọ: ó lè jẹ́ ọ̀gá ilé iṣẹ́ rẹ, ó lè jẹ́ pásítọ̀ tàbí oníṣòwò kan tó mọ ìdílé rẹ. Òun ni yóò kọ ìwé pélébé kan, èyí tí àwọn ará Scotland ń pè ní line, pé òun mọ̀ ọ́ ní aláìní tó yẹ kí wọ́n ràn lọ́wọ́. Bí owó olùdáwó bá ṣe tó ni iye line tó lè kọ lọ́dún ṣe ń tó. Àwọn tí jàǹbá ṣe, bí ẹni tí ẹ̀rọ gé lọ́wọ́, ni wọ́n máa ń gbà láìbéèrè ìwé.

Mi ò ní bu ẹnu àtẹ́ lu inú rere tó wà nínú ètò yìí. Aláìsàn kì í sanwó bẹ́ẹ̀dì, kì í sanwó oúnjẹ tàbí oògùn, ọ̀pọ̀ ẹni tí ì bá kú sínú yàrá òkùnkùn ló sì rí ìwòsàn. Àmọ́ ẹ wo òṣìṣẹ́ tó ti bá ọ̀gá rẹ̀ ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí owó iṣẹ́. Ta ni yóò kọ line fún un? Àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ láti Belfast ńkọ́, tí kò ì tíì mọ ojú ẹnì kan? Àìsàn nìkan kò tó. Ó tún gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹni ńlá kan lè jẹ́rìí sí ìwà rẹ̀.

Ìjọba ńkọ́? Ṣáájú 1845, ọwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìtọ́jú òtòṣì wà ní Scotland. Owó tí wọ́n gbà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú ni àwọn alàgbà ìjọ ń pín, Glasgow sì tún ń gba owó-orí díẹ̀ kún un. Àwọn kan wà tí wọn kò fẹ́ owó-orí yẹn rárá. Èyí tó gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni pásítọ̀ Thomas Chalmers, tó gba ìjọ St John's ní Glasgow lọ́dún 1819. Ó pín àdúgbò náà sí ọ̀nà 25, ó sì fi díákónì sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹnì kan bá tọrọ ìrànwọ́, díákónì á lọ sílé rẹ̀: ṣé kò lè ṣiṣẹ́ ni? Ṣé kò ní ẹbí? Ṣé àwọn aládùúgbò kò lè gbà á? Ìgbà tí gbogbo ìyẹn bá pin ni wọ́n tó máa fi owó ìjọ kan ọ̀rọ̀ náà. Chalmers gbà pé owó-orí ń pa àánú lọ́kàn ènìyàn. Ní 1823 ó kúrò níbẹ̀ lọ sí yunifásítì St Andrews.

William Pulteney Alison, dókítà kan ní Edinburgh, dá a lóhùn ní 1840 láti inú ohun tó fojú ara rẹ̀ rí ní yàrá àwọn oníbà: ìṣẹ́ ló ń bí ibà, kò sì sí bí àánú ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe lè ká a. Tiwọn méjèèjì, ti Alison ló wọ̀ mí létí. Nígbà tí ìjọ Scotland fi pín sí méjì ní 1843, tí pásítọ̀ tó lé ní 450 jáde, ó hàn gbangba pé ṣọ́ọ̀ṣì kò lè dá ẹrù náà gbé mọ́. Òfin 1845 gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú alábòójútó àwọn òtòṣì. Síbẹ̀, òfin náà kò fún ẹni tí ara rẹ̀ le tí kò ríṣẹ́ ṣe ní ẹ̀tọ́ kankan. Tí ọjà bá kú, tí ilé iṣẹ́ ti ilẹ̀kùn, ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ olùdáwó náà ni irú wọn ń padà sí.

Ó yẹ ká béèrè ibi tí gínì yẹn ti wá. James Ewing ni olórí ìlú Glasgow ní 1832. Òun ló ni oko ìrèké Caymanas ní Jàmáíkà, níbi tí àwọn ẹrú aláwọ̀ dúdú ti ń ṣiṣẹ́. Nígbà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòpin sí oko ẹrú, òun ni wọ́n san owó gbà-máà-bínú fún, wọn kò fún àwọn ẹrú ní nǹkan kan. Nígbà tó kú ní 1853, ó há ogún ńlá fún àwọn ilé àánú ìlú rẹ̀.

Síbẹ̀, ọ̀nà ìdáwó kan náà ni àwọn tó ń bá oko ẹrú jà gbà. Wọ́n dá Glasgow Emancipation Society sílẹ̀ ní 1833, James McCune Smith sì wà lára wọn: ọmọ New York tí wọ́n bí sínú oko ẹrú, tí àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà kọ̀ nítorí àwọ̀ rẹ̀. Glasgow ló ti gboyè dókítà ní 1837, òun sì ni aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó gba irú oyè bẹ́ẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní Lock Hospital, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn obìnrin tó ní àrùn ìbálòpọ̀. Ó rí i pé wọ́n ń dán oògùn silver nitrate wò lára wọn, ó sì kọ ọ́ jáde fún àwọn oníṣègùn kà. Àánú ló gbé àwọn obìnrin náà wọlé, wọn kò sì ní ẹni tó ń gbẹnu sọ fún wọn nínú ìpàdé olùdáwó.

Láti nǹkan bí àárín ọgọ́rùn-ún ọdún náà síwájú, ìdáwó fúnra rẹ̀ ń yí padà. Ní August 1865, ní Royal Infirmary, dókítà oníṣẹ́ abẹ Joseph Lister tọ́jú James Greenlees, ọmọ ọdún 11 tí kẹ̀kẹ́ ẹrù gùn lẹ́sẹ̀. Carbolic acid, oògùn apakòkòrò, ló fi tọ́jú ọgbẹ́ náà, ọgbẹ́ náà kò sì kẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ló mọ irú jàǹbá bẹ́ẹ̀ jù. Wọ́n ń dá pẹ́nì jọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ní ilé ìrọ irin àti ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀, títí owó wọn fi di òpó ńlá nínú ohun tí ilé ìwòsàn ń ná. Nígbà tí ilé ìwòsàn Victoria Infirmary ṣí ní Glasgow ní 1890, àwọn òṣìṣẹ́ ní aṣojú láàárín àwọn tó ń darí rẹ̀.

Bí ẹ bá rí ọ̀kan nínú àwọn ìwé ìròyìn ọdún wọ̀nyẹn, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lónìí, ẹ má dúró síbi tí orúkọ àwọn oníṣòwò àti gínì wọn tò sí. Ẹ ṣí i síwájú, kí ẹ wá ibi tí wọ́n ti kọ ìdáwó àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan tàbí òmíràn. Orúkọ ilé iṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń kọ síbẹ̀, kì í ṣe orúkọ àwọn tó dá pẹ́nì náà.