Gbèsè ló gbé ọkọ̀ wọn lọ: ohun tí fíìmù The Boat That Rocked fi pamọ́ fún wa

Iṣẹ́ ẹ̀rọ rédíò ni mo ń ṣe, nítorí náà, ẹni tó bá ti wo The Boat That Rocked tán kì í pẹ́ bi mí pé ṣé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣẹlẹ̀ lóòótọ́. Fíìmù apanilẹ́rìn-ín ni. Richard Curtis ló darí rẹ̀, ó sì jáde ní Ìlú Ọba ní 2009. Nígbà tó dé Amẹ́ríkà, wọ́n gé e kúrú, wọ́n pè é ní Pirate Radio. Ọdún 1966 ni wọ́n fi ìtàn náà sí. Àwọn DJ olóríkunkun kan wà nínú ọkọ̀ àtijọ́ kan lójú òkun, wọ́n ń da orin rọ́ọ̀kì sórí ilẹ̀ tọ̀sán-tòru, mínísítà kan tó korò bí ewúro sì ń wá ọ̀nà tí yóò fi pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Philip Seymour Hoffman ni wọ́n ń pè ní The Count, Bill Nighy ni ọ̀gá ọkọ̀, Kenneth Branagh ni mínísítà.

Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wà. Irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ náà wà. Ìparí ìtàn wọn ni fíìmù yí padà, ìparí yẹn gan-an ni mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀.

Radio Rock inú fíìmù, àfinúrò ni. Èyí tó ṣáájú ní Ìlú Ọba ni Radio Caroline, tí Ronan O'Rahilly, ọmọ Ireland, dá sílẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi akérò kan láti Dẹ́ńmáàkì ló rà, ó gbé e lọ sí Greenore ní Ireland láti ri òpó mọ́ ọn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóhùn sáfẹ́fẹ́ ní March 28, 1964. Kí ọdún yẹn tó parí, Radio London ti dé pẹ̀lú ọkọ̀ tirẹ̀.

Kí ló fa òùngbẹ orin náà? BBC nìkan ló láṣẹ láti gbóhùn sáfẹ́fẹ́ nílẹ̀ náà, àdéhùn sì wà láàárín òun, àwọn tó ń ṣe àwo orin àti ẹgbẹ́ àwọn olórin, pé wákàtí díẹ̀ ló lè fi máa lo àwo. Bó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, àfi kó pe àwọn olórin wá sí sítúdíò. Àwọn ọ̀dọ́ ń gbọ́ Radio Luxembourg lálẹ́, ṣùgbọ́n ojú ọ̀run ni ìgbì rẹ̀ ń gbà dé ọ̀dọ̀ wọn, torí náà ó máa ń lọ, á tún máa bọ̀, orin á sì rì láàárín.

Ọkọ̀ orí omi borí ìṣòro yìí, ibí sì ni iṣẹ́ tèmi wà. Ìgbì AM máa ń rọra rìn mọ́ ojú ilẹ̀. Iyanrìn gbígbẹ àti àpáta máa ń gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ máa ń jẹ́ kó kọjá pẹ̀lú agbára tó pọ̀. Àwa tí a ń ri òpó sórí ilẹ̀, ọ̀pọ̀lọpọ̀ wáyà kọ́pà ni à ń bò mọ́lẹ̀ yí ìdí òpó ká kí ẹ̀rọ lè ráyè mí. Ọkọ̀ onírin tó jókòó sínú òkun kò nílò ìyẹn. Òkun fúnra rẹ̀ ti ṣe é fún un. Ẹ wá wo gíga òpó. Mítà 199 ni Radio Caroline ń polongo pé òun wà, ìyẹn gígùn ìgbì rẹ̀. Ẹ pín in sí mẹ́rin, ẹ óò rí nǹkan bí mítà 50, òpó tó ga tó bẹ́ẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa lórí AM. Òpó Caroline ga tó ẹsẹ̀ bàtà 168, ìyẹn mítà 51. Kì í ṣe ọmọ ìta ló ṣe irú ìṣirò bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ fojú inú wo irú òpó yẹn lórí ọkọ̀ tí ìgbì ń jù síbí jù sọ́hùn-ún. Iyọ̀ òkun ń lẹ̀ mọ́ ara wáyà, iná ń ta pàrà. Jẹnẹrétọ̀ kò gbọdọ̀ sinmi, dísù kò gbọdọ̀ tán, omi mímu àti oúnjẹ gbọ́dọ̀ máa ti ilẹ̀ wá. Ẹ rántí dísù yìí.

Ọkọ̀ tó ń fi àsíá ilẹ̀ mìíràn rìn, tó dúró kọjá máìlì mẹ́ta sí etíkun, òfin Ìlú Ọba kò lè kàn án. Fíìmù sọ ìbínú ìjọba di ìwà ẹni tí kò fẹ́ kí ènìyàn gbádùn, èmi kò sì fara mọ́ ọn. Àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ti pín ìkànnì láàárín ara wọn. Ẹni tó bá kàn jókòó sórí èyí tó wù ú, ó ń dí ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹjọ́ yẹn tọ́. Ọ̀rọ̀ náà sì ti kọjá eré: ní June 1966, ìbọn pa Reginald Calvert tó ni Radio City, rédíò ojú òkun mìíràn, nínú ìjà tó dá lórí ilé-iṣẹ́ rédíò rẹ̀.

Òfin tí wọ́n wá ṣe kò rán ṣọ́jà kankan sórí omi. Láti òru August 14, 1967, ó di ẹ̀ṣẹ̀ fún ọmọ Ìlú Ọba láti ṣiṣẹ́ lórí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, láti gbé oúnjẹ tàbí epo lọ fún un, tàbí láti fún un ní ìpolówó ọjà. Ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n dì. Àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wa tó ń ra àsìkò lórí afẹ́fẹ́, tó ń fẹsẹ̀ ara wọn wá onígbọ̀wọ́ kiri, á tètè mọ bí èyí ṣe ń dunni tó. Radio London kógbá wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Caroline kọ̀: àwọn DJ rẹ̀, Johnnie Walker àti Robbie Dale, wà lórí afẹ́fẹ́ nígbà tí aago méjìlá òru lù. Ilé aṣòfin erékùṣù Isle of Man, tí ọ̀kan nínú ọkọ̀ méjì tí Caroline ní dúró sí nítòsí, kò gbà láti fọwọ́ sí òfin náà. Lọ́ńdọ̀nù fi àṣẹ gbé e lé wọn lórí.

Láti Nẹ́dálándì ni ẹrù wá ń bọ̀, owó ìpolówó sì ń gbẹ. Ní March 3, 1968, ilé-iṣẹ́ Nẹ́dálándì tó ń bá wọn kó ẹrù, tí wọ́n jẹ ní gbèsè, rán ọkọ̀ wá, wọ́n sì wọ́ ọkọ̀ méjèèjì lọ sí Amsterdam. Bí Caroline ti àwọn ọdún yẹn ṣe parí nìyẹn. Nínú fíìmù, ọkọ̀ rì, àwọn olùgbọ́ sì tú jáde nínú ọkọ̀ kéékèèké wá yọ wọ́n. Omijé bọ́ lójú mi níbẹ̀, mi ò sì kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n 1980 ni Mi Amigo, ọkọ̀ Caroline, tó rì, ọkọ̀ adóòlà láti Sheerness ló sì kó gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ jáde láàyè.

BBC fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kó pẹ́. Ní September 30, 1967, ó ṣí Radio 1, ìkànnì orin tirẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, Tony Blackburn tó ti ṣiṣẹ́ lórí Caroline àti Radio London ló sì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbẹ̀. John Peel, DJ mìíràn ní Radio 1, náà ti ojú omi wá. Ní 2017, wọ́n fún Radio Caroline ní ìwé àṣẹ lórí AM 648, ìkànnì tí BBC World Service ti fi ń bá Yúróòpù sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀. Orí ilẹ̀ ni òpó rẹ̀ wà báyìí, ní Orford Ness létíkun Suffolk. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlà-oòrùn England, ẹ yí rédíò yín síbẹ̀.