Wáyà Y kò mọ ohùn papọ̀

Subwoofer (sípíkà tó ń gbé báàsì jáde) kan ṣoṣo tó fún yàrá kan. Báàsì tó bá wà nísàlẹ̀ 80 Hz, ìgbì rẹ̀ gùn ju mítà 4 lọ, etí ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ apá ibi tó ti ń bọ̀. Nítorí náà ohùn òsì àti ti ọ̀tún á parapọ̀ di ọ̀kan, ó parí. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà parapọ̀ ló ń da àwọn ènìyàn láàmú.

Wáyà Y ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ nawọ́ sí. Wáyà yìí ń pín ojú ìjáde kan sí méjì láìsí wàhálà, wọ́n wá rò pé bí àwọn bá ti dojú ẹ̀ dé, á kó méjì sínú ọ̀kan. Rárá o! Ojú ìjáde ohùn a máa ṣorí kunkun: ìdènà inú rẹ̀ kì í sábà pọ̀, ká fi 100 ohm ṣe àpẹẹrẹ, fóòtì (agbára tó ń ti iná) tó bá sì fẹ́ gbé jáde ló fẹ́ kó wà lẹ́nu wáyà, dandan. Tí òsì bá wà ní fóòtì 1, tí ọ̀tún wà ní òdo, tí a wá so wọ́n mọ́ra ní tààrà, 5 mA iná á máa ṣàn láti inú ọ̀kan sínú èkejì. Ó lè má jó nǹkan kan, ṣùgbọ́n ohùn lè bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Bí ojú ìjáde yẹn bá tún ń bọ́ sípíkà ńlá méjèèjì, àwọn náà ti di mónò nìyẹn, òsì àti ọ̀tún á máa dún bákan náà.

Rẹ̀sísítọ̀ (ohun kékeré tó ń dènà iná) méjì tó dọ́gba ló ń yanjú ẹ̀, 1,000 ohm fún òsì, 1,000 ohm fún ọ̀tún, kí subwoofer máa gba ohùn níbi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ wo ènìyàn méjì tí wọ́n di orí ọ̀pá kan mú lọ́tùn-ún lósì. Ẹni kan gbé tiẹ̀ dé èjìká, ẹnì kejì fi tiẹ̀ sí orúnkún: àárín ọ̀pá á wà ní agbedeméjì. Subwoofer ò wo ọwọ́ ẹnikẹ́ni, àárín ọ̀pá ló ń wò. Fóòtì 1 pẹ̀lú òdo á di ìdajì; 1 pẹ̀lú 1 á ṣì jẹ́ 1. Bí ọ̀kan bá ń gòkè bí èkejì ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, àárín ò ní mira rárá, báàsì á pòórá. Ìyẹn kì í wọ́pọ̀, torí àwọn tó ń po orin sábà máa ń fi báàsì sáàárín, kó dọ́gba lápá méjèèjì.

Ọ̀pá náà, ìyẹn rẹ̀sísítọ̀, sì lè le jù tàbí kó rọ̀ jù. Ní 1,000 ohm, ọwọ́ kan ṣì ń mi èkejì díẹ̀. Ní 10,000, kálukú dá wà, ṣùgbọ́n ọ̀pá ti di pàṣán: bí ojú ìwọlé subwoofer bá jẹ́ 10,000 ohm, ẹrù tó so mọ́ àárín nìyẹn, ìdá kan nínú mẹ́ta ohùn á sì lọ. A lè fi bọ́tìnnì ohùn subwoofer dá a padà. Fún nǹkan tí kò ju rẹ̀sísítọ̀ méjì lọ, tí kò sì gba bátìrì, ọgbọ́n ńlá ni.

Ojú ìjáde kékeré (èyí tí kò tíì kọjá nínú ańpù, ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) nìkan ni gbogbo èyí wà fún. Ní ibi tí a ń so sípíkà mọ́ lára ańpù, pàápàá ti ọkọ̀, wáyà méjèèjì lè jẹ́ èyí tí iná wà lára ẹ̀, tí ìkankan ò ní jẹ́ ilẹ̀ (wáyà tí kò ní iná). Subwoofer tó ní ojú ìwọlé ti sípíkà ló yẹ ibẹ̀.