EDL ò gbé àwòrán kankan dání o

Ọ̀pọ̀ nínú àwa tá à ń gé fídíò ló gbà pé téèyàn bá ti parí ẹ́díìtì, tó tẹ Export, tó yan EDL (Edit Decision List, ìyẹn àkọsílẹ̀ ibi tí wọ́n gé fídíò sí), tó fi fáìlì kékeré yẹn ránṣẹ́ lórí WhatsApp, gbogbo iṣẹ́ ti dé ọwọ́ colorist, ẹni tó ń tún àwọ̀ fídíò ṣe, nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ fi Notepad ṣí fáìlì yẹn wò, ọ̀rọ̀ lásán lẹ máa bá níbẹ̀. Ṣé ẹ mọ ìwé tí ìyá máa ń kọ ohun ọjà sí fún ọmọ? Ata wà níbẹ̀, iye ata wà níbẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó lè fi ìwé yẹn se ọbẹ̀.

Láìnì kan nínú ẹ̀ rèé:

001 A003C012 V C 01:04:10:05 01:04:13:05 01:00:00:00 01:00:03:00

001 ni nọ́ńbà ibi tẹ́ ẹ gé, A003C012 lorúkọ reel, ìyẹn téèpù tàbí fáìlì kámẹ́rà tí àwòrán ti wá, V ni fídíò, C ni pé ẹ gé e tààrà, tó bá jẹ́ pé àwòrán kan ń yọ́ wọnú èkejì ni, D lẹ máa rí níbẹ̀. Timecode (wákàtí, ìṣẹ́jú, sẹ́kọ́ńdù àti frame, ìyẹn àwòrán kọ̀ọ̀kan) méjì àkọ́kọ́ ń sọ ibi tẹ́ ẹ ti mú un nínú fáìlì kámẹ́rà, méjì tó kù ń sọ ibi tó bọ́ sí lórí timeline, ìyẹn ibi tẹ́ ẹ to àwọn clip sí. Sẹ́kọ́ńdù mẹ́ta péré. Kò tiẹ̀ sọ frame rate, ìyẹn iye frame tó wà nínú sẹ́kọ́ńdù kan, torí náà ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ lọ́tọ̀, tí wọ́n bá fi 24 ṣí iṣẹ́ tẹ́ ẹ gé ní 25, nǹkan ò ní bọ́ sí ààyè ẹ̀ mọ́.

Ayé téèpù ni wọ́n ti ṣe é. Ilé iṣẹ́ CBS àti Memorex ló jọ dá ilé iṣẹ́ CMX sílẹ̀, wọ́n gbé ẹ̀rọ CMX 600 jáde ní 1971, CMX 3600 tó wá lẹ́yìn ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ sọ́fítíwíà ṣì ń lò fún EDL dòní. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ track fídíò (ìlà tẹ́ ẹ ń to clip sí) kan ṣoṣo ló mọ̀, tí kò gbà ju 999 ibi gígé lọ, tí orúkọ reel ò sì gbọ́dọ̀ ju lẹ́tà 8 lọ. Ti lẹ́tà 8 yìí gan-an ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹ pe fáìlì kan ní IGBEYAWO_KAMERA_A, ẹ pe èkejì ní IGBEYAWO_KAMERA_B, tó bá dénú EDL, IGBEYAWO ni àwọn méjèèjì ń jẹ́. Tó bá wá jẹ́ fóònù lẹ fi yà á, tí gbogbo clip bẹ̀rẹ̀ láti 00:00:00:00, kọ̀ǹpútà ò ní mọ èwo lèwo, á kàn gbé àwòrán ìyàwó síbi tó yẹ kí ti alága wà. Ó máa ń dùn mí táwọn èèyàn bá wá ń sọ pé colorist ò mọṣẹ́.

Zoom tẹ́ ẹ ṣe, ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ sórí àwòrán, LUT (fáìlì tó ń yí àwọ̀ àwòrán padà), èyíkéyìí nínú wọn ò ní bá EDL lọ. Tẹ́ ẹ bá sún fídíò sáré tàbí fà á, láìnì tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú M2 nínú EDL lè sọ ọ́, àmọ́ eré tó ń yí padà láàárín clip, ẹ má retí ẹ̀.

Torí náà kẹ́ ẹ tó gbé e jáde, ẹ ṣe ẹ̀dà timeline yẹn, ẹ fa gbogbo clip wá sórí V1 (track fídíò àkọ́kọ́), ẹ tú nest (àwọn clip tẹ́ ẹ dì pọ̀ di ẹyọ kan), ẹ yọ adjustment layer (ipele tó ń yí ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀ padà) kúrò. Ẹ fi fáìlì kámẹ́rà gangan ránṣẹ́ lórí hard drive, kì í ṣe proxy (ẹ̀dà tó fúyẹ́ tẹ́ ẹ fi ṣe ẹ́díìtì). Tí timeline yín bá kún fún track àti zoom, ẹ lo XML tàbí AAF, irú fáìlì míì tó ń gbé timeline lọ, dípò ẹ̀, ìyẹn máa ń gbé púpọ̀ dání.

Ọ̀nà míì tún wà tí mo fẹ́ràn fún iṣẹ́ kéékèèké: ẹ gbé gbogbo fídíò jáde ní fáìlì ProRes 422 HQ (irú fídíò tó mọ́ dáadáa) kan ṣoṣo, láìsí LUT, láìsí ọ̀rọ̀ lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ wá fi EDL tì í lẹ́yìn. DaVinci Resolve, sọ́fítíwíà tí colorist ń lò, máa fi EDL yẹn gé fáìlì ọ̀hún sí wẹ́wẹ́ níbi tẹ́ ẹ gé e sí gan-an. Ibi tí dissolve (àwòrán kan tó ń yọ́ wọnú èkejì) wà nìkan ló máa ni colorist lára díẹ̀, torí àwòrán méjì ti pò mọ́ra níbẹ̀, ẹ tètè sọ fún un.

Èyí ó wù kẹ́ ẹ lò, ẹ fi fídíò kan tí timecode hàn lójú ẹ̀ kún un, òun ni colorist máa gbé lé orí iṣẹ́ tó tò láti rí i pé kò sí clip kan tó yẹ̀.